Àpọ́n Ni Àwọn Nọ́ńbà

Bírò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ Sudoku, eré ọpọlọ inú ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sínú àwọn àpótí kéékèèké, á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí.

Àwa tá à ń wa bọ́ọ̀sì ní London ní irú dúútì kan tí wọ́n máa ń là sí méjì. Wàá gbé ọkọ̀ jáde ní ìdájí, wàá kó àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn ọmọléèwé lọ. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n á ní kó o lọ sinmi, kó o padà wá ní aago mẹ́ta ọ̀sán wá kó àwọn èèyàn kan náà padà sílé. Wákàtí márùn-ún àárín yẹn kì í ṣe tìẹ, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá. Ẹni tílé rẹ̀ bá sún mọ́ gáréèjì á lọ sùn. Ilé tèmi jìn, ọkọ̀ méjì ni, nítorí náà kàǹtíìnì nilé mi. Àwọn ará Jàmáíkà á máa na dómínò mọ́ tábìlì bí ẹni ń kan ìṣó, àwọn kan á gbé orí lé ògiri, wọ́n á máa hanrun. Èmi á máa tẹ fóònù títí iná inú rẹ̀ á fi tán.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń wa bọ́ọ̀sì láti ìgbà témi ṣì wà nílé ìwé girama. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọn ò fẹ́ràn ariwo. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè wọ́n, títí kan àwọn ọmọ Ghana àtàwọn ọmọ Pólándì tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí wọ́n rò pé orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n nìyẹn.

Ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ ni, irú èyí tí èrò á kà fún ibùdókọ̀ mẹ́rin tí wọ́n á sì jù ú sílẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n á ṣa bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ bọ̀ wá sí kàǹtíìnì, wọ́n á ṣí i tààrà síbi tí wọ́n ya àwọn àpótí kéékèèké náà sí, wọ́n á sì yọ kùkùté pẹ́ńsùlù kan lẹ́yìn etí bíi káfíńtà. Ó di kẹ́kẹ́ nìyẹn. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́ fún wákàtí kan.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà tún ti gbé ìṣirò dé.”

Wọn ò gbójú sókè. “Ta ló sọ fún ẹ pé ìṣirò ni?”

Mo gba ìwé kan lọ́wọ́ wọn lọ sílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ro 1 títí dé 9 pọ̀, ó jẹ́ 45. Márùndínláàádọ́ta! Inú mi dùn bí ẹni he owó. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń ro ohun tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, tí mo ń yọ ọ́ kúrò nínú 45, tí mò ń wá ohun tó ṣẹ́ kù. Kì í ṣe irọ́ o, gbogbo ìlà ló ń jẹ́ 45 lóòótọ́. Àmọ́ ṣe ni mo dà bí ẹni tó gba lẹ́tà, tó wá ń fi òṣùwọ̀n wọn bó ṣe wúwo tó, kó lè mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, mo tún fi òfin kan kún un látọkàn ara mi: mo gbà pé láti igun kan sí igun kejì náà, nọ́ńbà kan ò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i, àfi ìgbà tó yá. Màá débẹ̀.

Nígbà tí mo mú iṣẹ́ ọwọ́ mi dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn sílẹ̀. “Tí wọ́n bá kó nọ́ńbà yìí kúrò, tí wọ́n kó ata, iyọ̀, ẹja, ẹ̀gúsí síbẹ̀, ohun kan náà ni. Orúkọ lásán ni wọ́n. Ta wá ni wàá ro ata mọ́?”

Wọ́n ní kí n wò ó bí àdúgbò. Ojúlé 81 ló wà níbẹ̀. Ojúlé mẹ́sàn-án ló di agboolé kan, agboolé mẹ́sàn-án ló sì wà: mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀. Àdúgbò ọ̀hún ní títì mẹ́sàn-án tó dùbúlẹ̀ àti mẹ́sàn-án tó dúró. Ayálégbé mẹ́sàn-án, 1 sí 9, ló gbọ́dọ̀ wà nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà nínú agboolé kan, tàbí lórí títì kan, ì báà jẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀ tàbí èyí tó dúró. Àwọn kan ti wà nílé kó o tó dé. Àwọn yòókù ni wàá wá ojúlé fún. Ó parí.

Ó rọrùn létí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Lójúde wa, ọpọ́n ayò kì í sinmi látìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, àti àwọn bàbá tí ọwọ́ wọn yá ju ẹnu wọn lọ, ẹnu wọn gan-an ò sì falẹ̀. Ẹni tó bá mọ ayò ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Àmọ́ ohun kan wà tí ayò fi ń ṣàánú ọ̀pẹ: tó bá ta àṣìta, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀ta á jẹ ẹ́, àwọn tó ń wòran á hó lé e lórí, òun náà á sì mọ ibi tó ti ṣìnà. Ìtìjú náà máa ń yá.

Sudoku kì í hó lé èèyàn lórí. Tó o bá kọ ohun tí kò yẹ kó o kọ, á dákẹ́, á máa wò ẹ́. Á jẹ́ kó o tún kọ ogún mìíràn lé e.

Ohun tó ṣe fún mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an nìyẹn. Mo ti lo nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lórí ọ̀kan, bírò mi ń yọ̀ geere, ojúlé tó ṣófo ò ju mọ́kànlá lọ mọ́. Mo tiẹ̀ ti ń yọjú wo Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n lè rí mi tí mo bá parí. Bí mo ṣe fẹ́ kọ 5 sórí títì kẹjọ tó dúró báyìí, 5 mìíràn ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ha a, mo sọ ọ́ di 3. 3 ti wà nínú agboolé yẹn. Mo ní kí 3 tibẹ̀ yẹn di 8. Àwọn 8 náà bá di méjì lórí títì kan. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bírò ti lu ìwé jáde sí ẹ̀yìn, tó jẹ́ ojú ewé eré bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n gba ìwé náà. Wọn ò wo 5, wọn ò wo ibi tó lu. Wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n wá fi ẹnu pẹ́ńsùlù tọ́ka sí 6 kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lókè lọ́hùn-ún, tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

“Eléyìí. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni, àbí o rò ó?”

“Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ló bá a mu jù.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó bá a mu. Ojúlé méjì ni 6 lè gbé nínú agboolé yìí. O mú ọ̀kan. Kí ló sọ fún ẹ pé kì í ṣe ìkejì?”

Mi ò lésì. Mo wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ pé 6 ni, nínú gbogbo èyí tí mo kọ.

“Wo ọwọ́ tó o fi kọ ọ́. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá dá èèyàn lójú, ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ ọ́.”

Mo wò ó. Lóòótọ́, 6 yẹn ló dúdú jù lórí ìwé náà.

Ohun tó dùn mí ni pé fìlọ́sọ́fì ni mo kà ní Ifẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo wà. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.) Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì méjì, Barry Hallen àti Olubi Sodipo, ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Ẹ̀kìtì, lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ lẹ́nu Yorùbá. Ohun tójú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ìyẹn ni ìmọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fúnni, téèyàn kàn gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣe é fọkàn tán tó. Mo ṣèdánwò lórí rẹ̀, mo sì yege dáadáa. Mo wá dé London, mo jókòó ti ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi pẹ́ńsùlù há etí ló wá bi mí ní ìbéèrè kan náà, mo sì fìdí rẹmi.

Kì í sì í ṣe orí ìwé nìkan ni. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn, mo gba àárín títì tóóró kan tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì. Fáànù funfun kan wà níbẹ̀. Mo wo àlàfo náà, mo ní á gbà mí. Dígí ẹ̀gbẹ́ fáànù ọ̀hún ló kọ́kọ́ lọ, dígí tèmi tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ni pé mo rò pé àyè wà. Ọ̀gá tó ń kà á gbójú sókè wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa ìlà sábẹ́ “mo rò” yẹn. Ó dùn mí nígbà náà. Mo ní ṣé kì í ṣe bí gbogbo awakọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn ni?

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra pẹ́ńsùlù tó ní rọ́bà ìparẹ́ lórí.

Ohun tó wá yí ojú mi padà ni pé Ẹ̀gbọ́n ò kọ́ mi láti máa wá ibi tí nọ́ńbà wà. Ibi tí kò lè sí ni wọ́n ní kí n máa wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ẹ wo àwọn agboolé mẹ́ta òkè. Lórí títì kìíní tó dùbúlẹ̀, 7 wà lápá ọ̀tún, nínú agboolé kẹta. Lórí títì kejì, 7 wà láàárín, nínú agboolé kejì. Agboolé kìíní, lápá òsì, kò tíì ní 7. Níbo ló máa gbé? Kò lè gbé lórí títì kìíní, kò lè gbé lórí ìkejì, orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó ku títì kẹta, ojúlé mẹ́ta péré. 4 ti gba ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. Ó ku méjì. Ẹ wá mú ojú yín sọ̀ kalẹ̀ lórí títì tó dúró, èyí tó ti ẹnu ọ̀nà èkíní nínú méjèèjì kọjá. Ẹ máa sọ̀, ẹ máa sọ̀, títí dé agboolé ìsàlẹ̀ pátápátá: 7 ń bẹ níbẹ̀. Kò lè jẹ́ ojúlé yẹn nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.

Ẹ ò ro nǹkan kan pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹ ò mọ ẹni tó ń gbé nínú ọ̀pọ̀ ojúlé àdúgbò náà. Síbẹ̀, 7 yẹn dá yín lójú bí orúkọ yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú ẹ̀ fúnra mi, tí Ẹ̀gbọ́n ò tọ́ka, mo kígbe “Hẹ̀n-ẹ́n!” débi pé dómínò dúró. Ẹ̀gbọ́n ò wò mí. Wọ́n kàn ní, “Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.”

Ọ̀rọ̀ àwọn ojúlé méjì ló tẹ̀ lé e, òun ló sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Tí ojúlé kan bá lè gba 2 tàbí 6, tí ojúlé mìíràn lórí títì kan náà sì lè gba 2 tàbí 6, láìsí ẹlòmíì tó lè wọ ibẹ̀, o ò lè kọ nǹkan kan sí èyíkéyìí nínú wọn. Mo máa ń bínú sí irú ibẹ̀ yẹn, mo máa ń fò ó. Ẹ̀gbọ́n ní: “Yàrá méjì, ayálégbé méjì. Lándílọ́ọ̀dù ò tíì sọ ẹni tó máa gba iwájú àti ẹni tó máa gba ẹ̀yìn. Àmọ́ ìwọ tó ń bọ̀ látìta, ṣé ó ku yàrá fún ẹ?” Nítorí náà, gbogbo ojúlé yòókù lórí títì yẹn, mo lè yọ 2 àti 6 kúrò nínú ohun tí wọ́n lè gbà. Ibi tí mi ò mọ̀ ló là mí lójú sí ibi tí mo lè mọ̀. Mo dúró lórí gbólóhùn yẹn fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo tiẹ̀ pẹ́ dé ìdí ọkọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n náà ló bi mí bóyá mo mọ ohun tí Sudoku túmọ̀ sí. Mi ò mọ̀. Mo ṣáà ti gbà pé àwọn ará Japan ló ṣe é. Mo wá ìtàn rẹ̀ lọ, ó sì yà mí lẹ́nu. Amẹ́ríkà ló ti kọ́kọ́ jáde bá a ṣe mọ̀ ọ́n yìí, lọ́dún 1979, nínú ìwé eré ọpọlọ ilé iṣẹ́ Dell. Number Place ni wọ́n pè é. Ẹni tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ṣe é ni Howard Garns, ayàwòrán ilé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Indiana. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ayàwòrán ilé! Abájọ tí Ẹ̀gbọ́n fi rí agboolé àti ojúlé nínú rẹ̀. Garns kú lọ́dún 1989.

Ní 1984, ilé iṣẹ́ Nikoli gbé e jáde ní Japan. Maki Kaji, ọ̀gá wọn, ló fún un lórúkọ gígùn kan tó túmọ̀ sí pé àpọ́n ni kí àwọn nọ́ńbà máa jẹ́: kí kálukú dá wà, kí ó má ṣe rí ẹnì kejì rẹ̀ lórí títì. Wọ́n gé orúkọ náà kúrú, ó di Sudoku. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀. Ìyàwó mi ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ìwé rẹ̀ ò tíì jáde. “Àpọ́n ń tún àpọ́n tò,” ni wọ́n wí, ni wọ́n bá pa dà sídìí ìwé wọn.

Bó ṣe wá dé London ni mo fẹ́ràn jù. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong, ló rí i nínú ilé ìtàwé kan ní Tokyo lọ́dún 1997. Ó fi ọdún mẹ́fà kọ ètò kọ̀ǹpútà tó lè máa ṣe é jáde, ó wá gbé e tọ ìwé ìròyìn The Times lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù November 2004, wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, kò fẹ́ẹ̀ sí ìwé ìròyìn London tí kò ní tiẹ̀. Adájọ́ ló gbé e wá o, ilé ẹjọ́ ló sì bá fínra: lọ́dún 2008 ní Sydney, wọ́n tú ẹjọ́ oògùn olóró kan ká lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, torí wọ́n rí i pé Sudoku ni àwọn kan lára àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ń ṣe. Gbogbo ilé ẹjọ́ ti rò pé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbọ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là Australia ló bá a lọ. Gbogbo ilé ẹjọ́ ti “rò”.

Ìyá mi wá wo èyí tí mo ń ṣe lọ́jọ́ kan. Orí fídíò WhatsApp la wà, mo gbé fóònù ti ife tíì, ìwé ìròyìn wà níwájú mi. Mo rí i tí ojú wọn yí padà.

“Àkànní, kí lò ń kọ yẹn?”

“Eré ni, Ìyá mi.”

“Irú eré wo? Ṣé kò sí o? Àbí ẹnì kan ń bá ẹ jà níbi iṣẹ́?”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Tírà ni wọ́n rí. Àpótí tí wọ́n là sí mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, nílé wa, iṣẹ́ ààfáà nìyẹn. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á rán awọ mọ́ ọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, 1 sí 9 náà ni, 5 ló máa ń wà láàárín, tó o bá sì ro ìlà rẹ̀ pọ̀, ì báà dùbúlẹ̀, ì báà dúró, ì báà ti igun kan lọ sí igun kejì, 15 ni. Mo ti rí i ní ilé kéwú kí n tó mọ ìwé kà. Ibẹ̀ ni mo ti kó ríro pọ̀ àti igun dé igun yẹn wá! Ọwọ́ mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé. Mo ti ń fi òfin tírà ta ayò ẹlòmíì.

Mo ṣàlàyé fún Ìyá mi pé kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n ṣáà máa ka Áyátù-l-Kúrúsíyù kí n tó sùn.

Mo ti kọ́ nǹkan púpọ̀ látìgbà náà, mi ò sì tíì di ọ̀ta. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ kó ní ìdáhùn kan ṣoṣo, nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ fúnni ò gbọdọ̀ dín ní 17. Gary McGuire, onímọ̀ ìṣirò, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Dublin ló fi kọ̀ǹpútà fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní 2012. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kún àdúgbò náà jẹ́ 6,670,903,752,021,072,936,960. Mo ka iye yẹn fún Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, èyí tó wà níwájú wọn ò tíì tán.

Òótọ́ sì ni, kò tíì tán. Èyí tó le gan-an ni, ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ti wà lórí rẹ̀ látàárọ̀. Ojúlé kan ṣẹ́ kù tó lè jẹ́ 1 tàbí 9, tó sì jẹ́ pé èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, á ṣí gbogbo ìyókù sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mú ọ̀kan. Tí kò bá ṣe é ṣe, ẹ ó pa á rẹ́.” Pẹ́ńsùlù ni kẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ṣe tó bá le, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ lójú tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi orí. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n tì í bọ àpò kóòtù. “Mi ò tíì mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé e kiri títí di Tuesday.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ibùdó ìkẹyìn ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Tá a bá débẹ̀, a gbọ́dọ̀ gun òkè bọ́ọ̀sì lọ wò bóyá ẹnì kan ti sùn lọ, tàbí bóyá wọ́n gbàgbé ẹrù. Kò sẹ́nì kankan. Òjò ń rọ̀, gbogbo fèrèsé ti ṣú. Lórí ìjókòó tó wà níwájú pátápátá, ìwé ìròyìn kan wà níbẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ síbi Sudoku. Bírò ni. Ẹni tó ṣe é ti dé ìdajì dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. 9 méjì ti wọ agboolé kan ní àárín. Ó sọ ọ̀kan di 4, ó sọ 4 di 1, ó wá fa ìlà gbọọrọ lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi, ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́fà kí n tó ṣí ọkọ̀. Mo jókòó síbi tó jókòó sí. Mi ò wo àárín tó hà. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ iná òrùlé, mo ń wá èyí tó dúdú jù.

Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló wà. 8 ni. Ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.